Gbogbo Òkúta Kọ́ Ní Í Pọ́n Abẹ

Bí ẹ bá wo orí tábìlì tó wà níwájú mi yìí, ẹ óò rí i pé òkúta mẹ́ta ni mo tò síbẹ̀, abẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwo omi kan sì wà lẹ́yìn abẹ. Nígbà tí mo gbé ẹrù yìí wọlé, olótùú ètò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ṣé òkúta ni ẹ tún rù wá fún ará Abẹ́òkúta?" Ẹ̀rín náà tọ́ sí i. Ẹni tó ń gbé abẹ́ Olúmọ kò lè ka òkúta sí ohun bàbàrà. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé ọjà Kútọ̀ tàbí Ìtòkú lọ́la, tí ẹ bèèrè òkúta tí a fi ń pọ́n abẹ, èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìlú òkèèrè, tí wọ́n dì sínú páálí, ni wọn yóò nà sí yín. Àwa tí a ń gbé láàrin òkúta ń fi owó ra òkúta. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ yìí, nítorí pé ìmọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń bọ́ lọ́wọ́ wa, ewu kan sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú tí kò yẹ kí a fi bò.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Abẹ́ tó wà nínú orúkọ ìlú wa kì í ṣe abẹ tí a fi ń fárí. Ohùn òkè ló parí ti ìlú, ohùn àárín ló parí ti onígbàjámọ̀. Abẹ́ òkúta ni àwọn baba ńlá wa forí pamọ́ sí nígbà tí ogun lé wọn dé ibí ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà ní ilé ìwé wa láyé ìgbà síléètì, tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rárá, tí ó dìde gbọnrangandan ní ọjọ́ kan tí ó sì sọ fún olùkọ́ pé abẹ tí a pọ́n lórí òkúta ni ìtumọ̀ Abẹ́òkúta. Olùkọ́ fi pàṣán dá a lóhùn. Èmi ni ọmọ náà, ọ̀rọ̀ abẹ àti òkúta kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ yẹn.

Abẹ tí ẹ ń wò yìí kì í ṣe réésà pẹlẹbẹ tí a ń rà nínú bébà. Alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́. Ó fẹ̀ lẹ́nu, ìrù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ fún ìdìmú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nípọn ju ẹnu rẹ̀ lọ. Irú rẹ̀ ni onígbàjámọ̀ fi ń fárí kí ẹ̀rọ ìgẹrun tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ni a fi ń sín gbẹ́rẹ́, òun náà sì ni àwọn olóólà fi ń kọlà, àwọn tí wọ́n ní Ògún tiwọn lọ́tọ̀, tí wọ́n ń fi ìgbín bọ ọ́, tí wọ́n sì ń kán omi ìgbín tútù sójú ilà. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, pé àbàjà olóòró ni ilà àwọn Ẹ̀gbá, ó sì ṣàkíyèsí pé ti àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ti ń kúrú, ó ti ń ṣe bàìbàì lójú. Abẹ tí kò mú kì í gé awọ ara, ńṣe ni ó ń fà á ya, ohun tí a bá fà ya kì í sì í jinná bọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ àwọn ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú. Nígbà tí aṣọ bá jáde nínú aró tí ó sì gbẹ, okùn tí wọ́n fi dì í, tàbí òwú tí wọ́n fi rán an, ni wọn yóò fi abẹ já. Bí abẹ bá kú, tí a bá ń fi ipá fà á, aṣọ á ya, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ á sì di àkísà.

Nítorí náà, pípọ́n abẹ kì í ṣe eré. Ta ni yóò wá sọ fún mi ìdí tí òkúta tó yí wa ká kò fi lè ṣe é?

Ẹ wo òkúta àkọ́kọ́ yìí. Akọ òkúta ni, irú èyí tí Olúmọ jẹ́, irú èyí tí wọ́n ń fọ́ fún títì àti ilé ní agbègbè Ọdẹ́dá. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo jí abẹ bàbá mi, mo sì gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àpáta kan ti yọrí láti inú ilẹ̀. Mo rò pé bí òkúta bá ti le tó ni yóò ti pọ́n nǹkan tó. Mo fi agbára pọ́n ọn títí ó fi gbóná lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo gbé e sókè sójú oòrùn, ẹnu rẹ̀ ti di eyín ayùn. Ẹ má ṣe bèèrè ohun tí bàbá mi ṣe.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé akọ òkúta kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ óò rí oríṣi hóró mẹ́ta nínú rẹ̀: èyí tó funfun bíi dígí, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí tó rí bí eérú, àti pẹlẹbẹ kéékèèké dúdú tí ń dán yinrin nínú oòrùn. Àwọn onímọ̀ òkúta ní òṣùwọ̀n líle kan tí Friedrich Mohs, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, tí ó lọ láti 1 dé 10. Hóró bíi dígí yẹn wà ní 7, ó le ju irin abẹ alágbẹ̀dẹ lọ. Ìkejì wà ní 6. Pẹlẹbẹ tí ń dán kò ju 3 lọ, díẹ̀ ló kù kí èékánná lè họ ọ́. Nígbà tí abẹ bá gorí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, èyí tó rọ̀ á ṣí kúrò, èyí tó le á yọ ṣóńṣó bí eyín ajá, á sì bu ẹnu abẹ jẹ níbi tí ó bá ti kàn án. Kì í ṣe líle nìkan ni abẹ ń wá lára òkúta. Ó fẹ́ kí hóró rẹ̀ kúnná, kí wọ́n dọ́gba, kí wọ́n sì sún mọ́ra.

Òkúta kejì yìí, òkúta yanrìn ni. Gúúsù ìlú wa ni mo ti mú un wá, níbi tí akọ òkúta ti rì sábẹ́ ilẹ̀, tí ìpele yanrìn àtijọ́ tó ti di òkúta sì bo ó mọ́lẹ̀. Orúkọ ìlú wa gan-an ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi pe ìpele yìí nínú ìwé wọn. Bí ẹ bá tún lọ síwájú sí i, ẹ óò bá òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Òkúta yanrìn wúlò fún àdá, ó wúlò fún ọkọ́, nítorí pé àdá tí ẹnu rẹ̀ rí ṣákaṣàka díẹ̀ tilẹ̀ dára fún pípa oko. Bàbá àgbẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣa òkúta. Ó ní àpáta kan ní ẹ̀bá odò ní ọ̀nà oko rẹ̀ tí baba rẹ̀ pọ́n àdá lórí rẹ̀, tí òun náà ń pọ́n tirẹ̀, tí ojú àpáta náà sì ti jin gbọọrọ bí ọpọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbé abẹ lé e, ẹ óò rí i pé yanrìn yóò máa hó kúrò lára rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì níí pẹ́ tí ẹnu abẹ yóò fi rí págunpàgun.

Bóyá ẹ̀yin kan ń sọ lọ́kàn yín pé ọ̀rọ̀ àwọn aláṣejù ni èyí. Ẹ rántí pé kí irin tó dé ilẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ti ń fi òkúta pọ́n òkúta. Ní 1965, Thurstan Shaw, ọ̀jọ̀gbọ́n awalẹ̀pìtàn, wa ilẹ̀ Ihò Eléérú nítòsí Ìsàrun, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Òǹdó lónìí. Ó rí egungun ẹni tó ti kú ní ohun tó lé ní ẹgbàárùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó sì rí àáké òkúta nínú àwọn ìpele tó wà lókè egungun náà, àáké tí wọ́n ti lọ̀ lórí òkúta mìíràn títí ẹnu rẹ̀ fi mú. Irú àáké bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ ń hú nínú oko tí a ń pè ní ẹdùn àrá, tí wọ́n ń gbé lọ sójúbọ Ṣàngó. Ẹni tó lọ̀ ọ́ ti gbọ́dọ̀ mọ òkúta tó yẹ kí ó lọ̀ ọ́ lé lórí.

Mo wá dé orí òkúta kẹta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ sún mọ́ ọn kí wọ́n lè rí i nílé. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ọjọ́ tí òjò ń ṣú. Bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí ìpele ìpele bí ojú ìwé tí a tò léra, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lókè dán bí awọ ìlù. Ọwọ́ bàbá kan tí ń fárí ní àdúgbò wa ni mo ti gbà á. A kò mọ orúkọ mìíràn fún wọn ju Bàbá Onígbàjámọ̀ lọ, wọn kì í sì í bínú sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń rán wa létí pé lọ́dọ̀ àwọn Hausa, tí wọ́n ń pe irú wọn ní wanzami, ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn tí mo ba abẹ bàbá mi jẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n rán mi lọ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Wọ́n yẹ abẹ náà wò, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àpáta lo gbé e lọ bá. Àpáta kì í ṣe òkúta ìpọ́n. Padà wá nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú."

Nínú oṣù Èrèlé ọdún náà, wọ́n mú mi lọ sí ibi tí Odò Ọ̀yán ti ń pàdé Odò Ògùn lókè ìlú. Omi ti fà, òkúta wẹ́wẹ́ sì tò lọ bẹẹrẹ ní apá inú ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́, níbi tí agbára omi ti dín kù tí ó sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Odò Ògùn ti òkè ọ̀hún nítòsí Ṣakí bọ̀. Ní ti Ọ̀yán, ó gba àárín ilẹ̀ tí òkúta onípele wà kọjá. Ìgbànú òkúta kan wà láti agbègbè Ìsẹ́yìn dé etí Ọ̀yán tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi orúkọ ibi méjèèjì pè. Ẹrẹ̀ àti yanrìn kíkúnná ni òkúta náà nígbà ìwáṣẹ̀, kí ooru àti ìwúwo ilẹ̀ tó tún un sè, tí ó fi di ohun líle tí hóró rẹ̀ kò sì tóbi. Bàbá kò mọ ìtàn yìí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé òkúta tó dára kì í ti ọ̀dọ̀ wa wá, odò ló ń gbé e bọ̀ láti òkè.

Wọ́n kọ́ mi bí a ti ń ṣà á. Ojú ni a kọ́kọ́ ń lò: èyí tí ìlà funfun bá là á já, ẹ jù ú nù, nítorí ìlà náà le ju ara òkúta yòókù lọ, yóò sì máa bu abẹ jẹ. Èyí tí ojú bá rí pẹlẹbẹ dídán nínú rẹ̀, ẹ jù ú nù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná fà á lójú. Bí èékánná bá ń ta kọ́ọ́kọ́ọ́, hóró rẹ̀ ti tóbi jù. Bí ó bá sì ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń fà á lórí àwo tánńganran, kò níí jẹ irin, abẹ kàn máa sáré lórí rẹ̀ lásán ni. Ó yẹ kí èékánná máa rọra gbọ̀n, bí ìgbà tí a fà á lórí awọ ẹyin. Ẹ kán omi sí i: èyí tó bá mu omi náà lójú ẹsẹ̀, àlàfo pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ so ó rọ̀ láàrin ìka méjì, kí ẹ fi òkúta mìíràn lù ú. Bí ó bá dún gbọ̀ọ̀, ó ti là nínú. Bí ó bá dún gan-an-gan, ó pé. Paríparí rẹ̀, Bàbá a fa ọ̀bẹ àtijọ́ kan yọ láti inú àpò, wọ́n á wọ́n omi sójú òkúta, wọ́n á sì fa ọ̀bẹ lórí rẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá. Bí omi náà bá ṣú dúdú, irin ni òkúta ń jẹ yẹn, ohun tí a sì ń wá náà nìyẹn. Mo ṣa òkúta tó kún agbọ̀n lọ́jọ́ náà. Ẹyọ méjì ni Bàbá gbà.

Gbígbé e délé kì í ṣe òpin iṣẹ́. Ojú òkúta odò a máa yọ gedegbe láàrin nítorí omi ti yí i kiri, abẹ kò sì lè sùn lórí ohun tó yọ gedegbe. A ní láti lọ̀ ọ́ kí ó tẹ́jú. Níhìn-ín ni akọ òkúta wa ti rí ohun ṣe! Bàbá wá ojú àpáta kan tó tẹ́ dáadáa, wọ́n da yanrìn àti omi sí i, wọ́n sì ní kí n máa yí òkúta náà lórí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yí i, kí n tó lọ sí ilé ìwé àti lẹ́yìn tí mo bá dé. Nígbà tí ó tẹ́jú tán, a yọ yanrìn kúrò, a sì fi ojú òkúta méjèèjì ra ara wọn pẹ̀lú omi lásán títí tí ọ̀kan fi ń lẹ̀ mọ́ èkejì bí ọwọ́ tó ní oje.

Ẹ wò mí báyìí. Mo kán omi sórí rẹ̀. Bàbá Onígbàjámọ̀ a máa tutọ́ sí tiwọn, èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, n óò sì sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Mo fi ègé òkúta kékeré ra ojú rẹ̀ kí ó lè ní omi ẹrẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ irin. Mo tẹ́ abẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ jọ kan òkúta. Mo tì í síwájú tẹnu-tẹnu, bí ẹni fẹ́ bẹ èèpo tín-ín-rín kúrò lójú òkúta. Bí mo bá dé òpin, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi yí i padà, kì í ṣe ẹnu rẹ̀, mo sì tì í bọ̀. Iye tí mo bá tì lọ ni mo gbọ́dọ̀ tì bọ̀. N kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rárá, ìwúwo abẹ fúnra rẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í lè fara mọ́ èyí: wọ́n gbà pé iṣẹ́ tí a kò fi agbára ṣe kì í ṣe iṣẹ́. Bí ẹrẹ̀ bá ti ṣú, mo máa ń fi omi là á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ku omi nìkan, ẹnu abẹ á sì máa kúnná bí omi ti ń mọ́. Nígbà náà ni okùn irin kan tí ojú kò rí yóò yọ sí ẹnu rẹ̀. Awọ ni ó ń yọ ọ́ kúrò: ẹ fa abẹ lórí awọ lílágbára kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ó ṣáájú nísinsìnyí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ óò gé awọ náà. Bàbá kì í wá awọ lọ títí, àtẹ́lẹwọ́ wọn ni wọ́n ń lò. Irun apá òsì wọn ni wọ́n sì fi ń dán an wò. Ní gbogbo ìgbà tí mo mọ̀ wọ́n, n kò rí irun kan ṣoṣo lápá òsì wọn.

Ẹ má ṣe rò pé àwa nìkan ni a mọ èyí. Ní ilẹ̀ Norway, ní Eidsborg, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa òkúta onípele tó jọ èyí, tí wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀ ojú omi lọ tà káàkiri. Ní Belgium, òkúta kan wà tó pọ́n bí ọ̀rá màlúù, tí hóró gánẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Òkúta ìpọ́n Arkansas ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan tí wọ́n mú láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí abẹ ìfárí. Ní àyíká Kyoto ní Japan, àwọn kan ń kó òkúta bẹ́ẹ̀ jọ bí ẹni ń kó ìlẹ̀kẹ̀ iyùn jọ, owó gọbọi ni wọ́n sì ń san lórí rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo àwọn wọ̀nyí kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí wọ́n ti wà á, ìpele tó jẹ́, iṣẹ́ tó lè ṣe. Tiwa kò sí nínú ìwé kankan tí mo tíì rí. Orí àwọn arúgbó ló wà.

Kí ló lé òkúta wa kúrò lórí àtẹ? Edward Acheson, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe àwárí kabọrọ́ńdọ́ọ̀mù ní 1891, ìyẹn òkúta àtọwọ́dá tí hóró rẹ̀ dọ́gba láti ojú dé ìdí, tí kò sì sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti fi ọjọ́ mẹ́ta lọ̀ ọ́. Nígbà tó di 1903, Gillette bẹ̀rẹ̀ sí í ta réésà tí a ń lò tí a sì ń sọ nù. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ wa tán, ta ni yóò tún máa wọ odò lọ? Wọ́n sì tún sé Ọ̀yán ní 1983, kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu. N kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú, mo ń mu nínú omi náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ìsédò ń dá dúró kì í ṣe omi nìkan. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ń yí bọ̀ láti òkè pẹ̀lú, ẹ̀yìn ògiri ni ó ń rì sí. Èyí tó kù nísàlẹ̀ ni èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹrù tuntun tó ń bọ̀ láti rọ́pò rẹ̀.

Mo ní ewu kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ sọ ọ́ bí ó ti rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn fún mi. Wọ́n bí àbúrò kan fún mi nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Abẹ ni wọ́n fi gé ìwọ́ rẹ̀ nílé. Abẹ náà mú gidigidi. Mo mọ òkúta tí wọ́n fi pọ́n ọn, òkúta tó dára ni. Ní ọjọ́ kẹfà ọmọ náà kò lè mu ọmú mọ́, àgbọ̀n rẹ̀ gan, kò sì rí ọjọ́ ìkómọ. Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni àwọn dókítà ń pè é. Inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ó sì le tó bẹ́ẹ̀ tí fífi omi gbígbóná ṣan abẹ kò lè pa á. Kò sí ẹni tí mo dá lẹ́bi nínú agbo ilé wa. Wọ́n fọ abẹ, wọ́n pọ́n ọn, gbogbo wọn sì gbà pé ohun tó mú ni ohun tó mọ́.

Òkúta kì í pa kòkòrò àrùn. Ó tilẹ̀ lè gbé e láti orí abẹ kan lọ sórí òmíràn. Nígbà tí abẹ tó ti kan ẹ̀jẹ̀ bá gorí òkúta, ẹ̀jẹ̀ náà á wọ inú omi ẹrẹ̀ tí mo fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan, abẹ tó bá tẹ̀lé e á sì wẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kì í fi í tutọ́ sí i, tí n kì í sì í pọ́n abẹ ẹlòmíràn lórí òkúta mi. Ní 1986 ni a kéde àwọn àkọ́kọ́ tó ní àrùn éèdì ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àrùn inú ẹ̀dọ̀ tí ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ràn ti wà pẹ̀lú wa tipẹ́ kí ó tó dé. Ní ti ilà kíkọ, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ti ka fífi àmì sí awọ ara ọmọdé léèwọ̀. Èrò tèmi ni pé kí abẹ tí a pọ́n lórí òkúta jìnnà sí ohunkóhun tí a mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí ó ṣẹ̀jẹ̀. Ìwọ́ ọmọ, ilé ìwòsàn ni. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ sín gbẹ́rẹ́, réésà tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú bébà ni kí ó lò, kí ó sì sọ ọ́ nù lẹ́yìn ẹnìkan.

Àwọn kan yóò ní, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a tún ń wá òkúta fún? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tèmi. Mo dá a lóhùn pé irùngbọ̀n mi ni mo fi ń fá, abẹ kan, orí kan. Àwọn agbẹ́gilére wa ń lò ó fún ọ̀bẹ àfidán iṣẹ́, ìyá aládìrẹ lè pọ́n abẹ kan náà fún ogún ọdún lórí rẹ̀, aṣọ kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀. Pẹ̀lú èyí, orí òkúta yìí ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà láti ìdí Olúmọ dé etí Ọ̀yán. Kò sí ìwé tó kọ́ mi.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni bàbá rẹ̀ jẹ́ onígbàjámọ̀, tàbí olóólà, tàbí agbẹ́gilére. Bí ẹ bá ń kó ẹrù wọn, tí ẹ bá òkúta kan tí ojú rẹ̀ dán, tí ó ṣeé ṣe kí ó ti jin díẹ̀ láàrin, ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ pàǹtí ilé. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa. Bí àgbàlagbà kan bá ṣì wà nínú ilé tó mọ odò tí wọ́n ti ṣà á, ẹ bi wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì kọ orúkọ odò náà sínú bébà kí ẹ fi wé òkúta náà. Ìbéèrè tí èmi kò bi Bàbá Onígbàjámọ̀ títí wọ́n fi kú ni ibi tí wọ́n ti rí òkúta kékeré dúdú kan tí wọ́n máa ń lò kẹ́yìn pátápátá, tí wọn kì í jẹ́ kí ọwọ́ ọmọdé kàn. Mo ti wá irú rẹ̀ ní Ọ̀yán fún ọdún pípẹ́, n kò rí i.

Olótùú ti ń wo aago. Ẹ jẹ́ kí n nu abẹ yìí gbẹ kí ó má baà dípẹtà, kí n sì da omi àwo yìí nù kí ẹnikẹ́ni tó fi fọwọ́.